Ṣé o mọ̀? Ọ̀nà wà fún owó fóònù tí wọ́n yọ láìtọ́

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà ní oṣù Ògún ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré sọ pé "mo ti délé o" yóò san ₦50 náà pé? Ọ̀wọ́n yẹn ló sọ fláàṣì di àṣà wa: fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, a ó pa á, ẹni tí káàdì wà lórí fóònù rẹ̀ á sì pè padà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fóònù Glo dé ní oṣù Ògún 2003, tó ní ìṣẹ́jú àáyá lòun yóò máa kà, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà ní láti tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ló ti yẹ kí oníbàárà máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń ka owó, kó tó bèèrè iye.

₦6.98. Fi iye yẹn sọ́kàn. Òun ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú méjì nígbàkúùgbà tí o bá tẹ kóòdù báńkì lórí fóònù, irú èyí tó ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń fi háàṣì parí. Tẹ́lẹ̀, inú àkáǹtì ni báńkì ti ń yọ ọ́. Láti oṣù Okúdù 2025, ètò ti yí padà, orí fóònù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin ẹ wo ìyá aláta tó ń yẹ àkáǹtì wò ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ nítorí àwọn tó ń ní "Màámi, mo ti sẹ́ńdì ẹ̀": kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, ₦2,094 ti lọ. Yóò bú nẹ́tíwọ̀kì, yóò ṣẹ́ èpè fún wọn, bẹ́ẹ̀ owó náà kò sọnù. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹjọ́ wà nìyí: òfin ètò náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o gbà kí wọ́n yọ owó, kí wọ́n má sì yọ ọ́ bí báńkì kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí o bẹ̀ ẹ́. Bí báńkì bá já ọ kulẹ̀, tí ₦6.98 sì lọ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀ padà. Owó kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ tìẹ ni.

Ṣé o mọ̀ pé kóòdù kan náà ló wà fún gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà báyìí? Ọjọ́ 17 oṣù Ẹ̀bìbí 2023 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, dá fún wọn láti yí sí i. 300 ni láti bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀. 310 ni láti mọ iye tó kù. 323 ni láti mọ iye dátà tó kù. Èyí tó wù mí jù ni 305, èyí tí a fi ń dá iṣẹ́ tí a kò fẹ́ dúró: orin ìpè, àdúrà àràárọ̀, ìròyìn bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n fún, tí wọ́n sì ń gé owó lé lórí. Mo rò pé a mọ ìdí tí wọn kì í fi polówó 305 bí wọ́n ṣe ń polówó 303, èyí tí a fi ń yá káàdì. Èrè kò sí níbẹ̀.

2442 yàtọ̀ sí 305. Ó ń dí ojú ọ̀nà fún àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ STOP ránṣẹ́ sí i, ó parí. Bí kò bá dá ọ lójú pé o ti ṣe é rí, kọ STATUS.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ nípa 622, nọ́ńbà tí a fi ń fẹjọ́ ilé iṣẹ́ fóònù sun NCC, tí a kì í sanwó láti pè. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé bí o bá sáré lọ síbẹ̀ tààrà, wọn yóò dá ọ padà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá pe 300, má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ọjọ́ àti wákàtí, kọ orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn. Ẹni tó ní "wọ́n jẹ owó mi" àti ẹni tó ní "ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ₦500 lọ, nọ́ńbà ẹjọ́ mi rèé", ìdáhùn wọn kì í dọ́gba. Ìwé pélébé tí ọmọ ilé ìwé já nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tó fún gbogbo èyí.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá sì sú ọ, kò pọn dandan kí o ju nọ́ńbà rẹ nù. Láti oṣù Igbe 2013 ni a ti lè gbé nọ́ńbà wa láti ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. 3232 ni kóòdù rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì tó bá kú ju wákàtí 24 lọ lè di gbèsè sí ilé iṣẹ́ lọ́rùn? Ní 2025, NCC pàṣẹ pé bí irú ìdákú ńlá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan kan ṣe àtúnṣe fún oníbàárà, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ tí dátà rẹ̀ yóò kú.

Bó bá sì jẹ́ pé èèyàn ló jẹ ọ́ lówó, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ẹjọ́ kan wà láti oṣù Igbe 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù ₦5 lọ. Ètò wọn ni kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60, o sì lè dúró fún ara rẹ láìgba lọ́yà. Fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù káàdì, tí owó tabua há sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ ní mímọ̀.

Ìrànwọ́ lórí owó fóònù wà ní òkè òkun náà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1985 ni ìjọba ti ń dín owó fóònù kù fún aláìní lábẹ́ ètò Lifeline, tó tó $9.25 lóṣù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wà ní ìlú Ọba. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní social tariff, fún àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit tàbí Pension Credit. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àjọ Ofcom, tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, rí i pé nínú ilé bíi mílíọ̀nù 4.2 tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nǹkan bí 55,000 péré ló ń gbà á! Iye wọn ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, síbẹ̀ àwọn tí kò gbà á ló pọ̀ jù. Àwọn èèyàn wa wà nínú wọn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń san ìlọ́po iye tó yẹ.

Níbẹ̀ náà, bí ìwọ àti ilé iṣẹ́ bá ń jà lórí owó tí wọn kò sì yanjú rẹ̀, onílàjà tó dá dúró wà tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ 8 ni oníbàárà ń dúró tẹ́lẹ̀ kó tó lè lọ síbẹ̀. Ofcom ti pinnu láti sọ ọ́ di 6 láti oṣù Igbe 2026. Bí o bá fara mọ́ ìdájọ́ onílàjà náà, ó di dandan fún ilé iṣẹ́. Bí o kò bá fara mọ́ ọn, kò dè ọ́. Láti ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àdéhùn tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ìdá ọgọ́rùn-ún pa owó tí yóò gun lórí mọ́ ọ lójú: iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì ni kí wọ́n sọ fún ọ kí o tó fọwọ́ sí i.

Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyá tó ń gba Universal Credit ní Lọ́ńdọ̀nù, pè wọ́n lónìí, kí o bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ social tariff fún wọn rí.