Ṣé O Mọ̀? Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Yinka Dare

Ṣé o mọ̀ pé nínú odidi sáà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni Yinka Dare, ọmọ Nàìjíríà, lò lórí pápá NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà? Ọdún 1994 ni New Jersey Nets mú un, òun ni ẹni kẹrìnlá tí wọ́n pè lọ́jọ́ náà. Géńdé tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ariwo rẹ̀ ti gba ìlú, àfi bí orúnkún ṣe yẹ̀. Ìdíje ẹyọ kan ló gbá, ó di sáà tó ń bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé sáà yẹn kan náà ni Hakeem Olajuwon àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston, gba ife NBA ẹlẹ́ẹ̀kejì wọn? Ọmọ Èkó ni Hakeem, sìmẹ́ǹtì làwọn òbí rẹ̀ ń tà, ó sì ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. San Antonio Spurs wà lára àwọn tí wọ́n lé dànù kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ta ló sì wà nínú ẹgbẹ́ Spurs ní sáà náà? Julius Nwosu, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀. Ìdíje 23 ni Nwosu gbá, kò sì gbá òmíràn mọ́ ní NBA títí ayé.

Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, sáà kan náà ni, àmọ́ orí kò papọ̀. Lọ sí pápá básíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọgbà National Stadium ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n ṣí ní 1972. Wàá rí ọmọkùnrin tó wọ jẹ́sì tó ti ṣá, tí nọ́ńbà 34 ti Hakeem ń bó lẹ́yìn rẹ̀. Bi í léèrè Yinka, á ní ṣé Yínká Ayéfẹ́lẹ́ olórin ni.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí orúnkún san, Dare gbá ìdíje 58 ní sáà 1995 sí 1996, síbẹ̀ a ò rí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tíyẹn sì jù ú sáwọ̀n? Bíi kọ́ńdọ́ Ojúẹlẹ́gba tó ń gbowó látàárọ̀ tí kò fún ẹnikẹ́ni ní ṣéńjì! Nínú ìdíje 110 tó gbá kó tó fi NBA sílẹ̀, mẹ́rin péré ni irú ẹ̀ tó ní. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ṣì ń fi ṣe é.

Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín tán. Ẹni ẹsẹ̀ bàtà méje, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á ni pé kó dúró lábẹ́ àwọ̀n, kó máa já bọ́ọ̀lù gbà. Ní yunifásítì George Washington, iṣẹ́ yẹn ló ṣe. Láti 1961 ni ilé ẹ̀kọ́ náà kò ti rí ìdíje ńlá NCAA ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà wọ̀. Ní 1993, Dare wà níbẹ̀, wọ́n sì wọ inú ẹgbẹ́ 16 tó kù. Ta ló ka bọ́ọ̀lù tó fi ránṣẹ́ nígbà náà?

Ọkàn ló pa á ní January 2004. Ọmọ ọdún 31 ni.

 

Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó tẹ̀ lé Dare dé NBA, Michael Olowokandi tí wọ́n bí l'Ékòó ńkọ́? Ìwé tó to orúkọ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ṣí, ibi tí ìwé ṣí sí ló pè lórí fóònù. Ní 1998, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní NBA, ṣáájú Dirk Nowitzki!

Olumide Oyedeji, ọmọ Ìbàdàn, ẹni kejìlélógójì ni wọ́n mú un ní 2000. Sáà mẹ́ta ní Seattle àti Orlando, NBA parí fún un. Ní 2012, ó wà nínú ikọ̀ tó lọ sí Òlíńpíìkì London, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọkùnrin Nàìjíríà máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.