Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé Tuntun: Ibi Tí Ilé Wà àti Bí Yàrá Rẹ̀ Ṣe Tò

Ìwé ìlàlóye fún ẹni tó fẹ́ ra ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tó ti ń tu owó jọ láti ra ilé tuntun ní Èkó, ìbáà jẹ́ fúláàtì ní Yaba, dúpúlẹ́ẹ̀sì ní Ajah tàbí búńgálò ní Ìkòròdú. Ó wà fún àwọn ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston pẹ̀lú, tó jẹ́ pé fídíò orí fóònù ni wọ́n fi ń wo ilé kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ilé tuntun máa ń wọni lójú. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, táìlì rẹ̀ ń kọ mànà, iná yí àjà rẹ̀ ká. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Ẹ lè tún ilé kùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lè yọ táìlì kí ẹ fi òmíràn dípò. Ẹ kò lè gbé ilé kúrò lójú ọ̀nà omi, ẹ kò sì lè ti ògiri tó gbé òkè dúró sẹ́yìn kí yàrá lè fẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò ní lè yí padà lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà. Ibi tí ilé wà ṣáájú, bí yàrá ṣe tò tẹ̀lé e, ọ̀ṣọ́ ló kẹ́yìn.

1. Ẹ mọ ọ̀nà tí omi ń gbà

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀sà dọ́gba, nítorí náà, omi ni ìbéèrè àkọ́kọ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá, ní oṣù kẹfà sí ìkeje tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn ni ẹ lọ, ẹ má wo ògiri ilé tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Ògiri àwọn ilé tó ti pẹ́ ládùúgbò ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí ilà pupa tàbí dúdú tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká, ibẹ̀ ni omi dé. Bí ẹ bá rí i pé àwọn onílé ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ìdènà kékeré sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ìdí wà tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ àti ẹni tó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Àwọn kò ní ilé tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ wo ojú títì pẹ̀lú. Àwọn ẹ́sítéètì kan wà tí wọ́n ti fi iyanrìn bù ga, tí inú wọn ń gbẹ fúrúfúrú, àmọ́ tí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ ń kún dé orókún. Ẹni tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ríbi jáde lọ́jọ́ òjò.

Ilé tó bá sún mọ́ kánààlì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ. Ní ọdún 2023 àti 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ipa omi ní ìhà Lekki, ní àwọn kánààlì tí wọ́n ń pè ní System 156 àti System 157. Ilé tó ga, tó sì lẹ́wà wà lára wọn. Ní ìhà Ìṣẹ́rí àti Àjégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn máa ń mú odò Ògùn kún bo ilé, kódà nígbà tí òjò kò rọ̀ ní Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé ní apá ibẹ̀, ẹ béèrè bí omi ṣe ṣe ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún tó kọjá.

2. Ọ̀nà, iná àti àyíká

Ọjọ́ Àìkú ni ajẹ́ntì sábà máa ń mú oníbàárà lọ wo ilé, nígbà tí ọ̀nà dá. Ẹ padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wọ ọkọ̀ láti ẹnu géètì dé ibi iṣẹ́ yín. Ẹ tún gba ọ̀nà náà padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí tí ẹ lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ pé “kò jìnnà sí Victoria Island” gbọ́. Bí iṣẹ́ yín bá wà ní Marina tàbí Oyingbo, ẹ ro ti ọkọ̀ ojú irin mọ́ ọn: ọ̀nà Blue Line láti Marina dé Mile 2 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Red Line láti Agbado dé Oyingbo sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ilé tí èèyàn lè ti ẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ wọn lè dín wàhálà lójoojúmọ́.

Ní ti iná, ẹ béèrè ìpele (Band) tí àdúgbò náà wà. Ẹni tó wà ní Band A ló yẹ kí ó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, owó tirẹ̀ ló sì wọ́n jù, pàápàá láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Band B jẹ́ wákàtí 16, Band C sì jẹ́ 12. Ẹ wo ìwé owó iná aládùúgbò kan, kí ẹ sì bi í bóyá iná náà ń wá lóòótọ́.

Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú. Alẹ́ ni ẹ ó mọ̀ bóyá gbọ̀ngán ayẹyẹ wà lẹ́yìn ilé, bóyá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kọjú sí fèrèsé yàrá yín, bóyá ọ̀nà ṣókùnkùn. Ẹ gbé ojú sókè wo wáyà iná alágbára. Ilé kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

3. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Kí ẹ tó ṣí pílánù, ẹ kọ orúkọ àwọn tí yóò gbé inú ilé náà sílẹ̀, títí kan àwọn tí yóò máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá yóò wá tọ́jú ìyá ìkókó. Bàbá yóò wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ní dúpúlẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ pé òkè ni gbogbo yàrá wà, orókún wọn ni yóò jìyà rẹ̀. Yàrá kan nísàlẹ̀ tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ tirẹ̀ ṣe pàtàkì ju pálọ̀ kejì lọ. Ẹ̀yin náà yóò dàgbà sínú ilé náà.

Ẹ jẹ́ kí a jọ wo yàrá kan lórí pílánù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìhà méjèèjì rẹ̀ ni 3000. Mìlímítà ni àwọn ayàwòrán-ilé ń lò, nítorí náà, mítà mẹ́ta ni, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 sí 6 yóò gba mítà 1.83. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yóò gba nǹkan bí mítà 0.6. Bí wọ́n bá kọjú síra, ohun tó kù láàrin wọn jẹ́ mítà 0.57, kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 3600, tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, àyè tó kù yóò lé ní mítà kan, ara yóò sì tu ènìyàn.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ láti àárín ògiri dé àárín ògiri, búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án àti simẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ yóò jẹ nínú yàrá náà. Ìwọ̀n inú ni kí ẹ gbà. Bí wọ́n bá sì ń fi mítà onígun mẹ́rin gbogbo ilé polówó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ka bákónì, àtẹ̀gùn àti yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Afẹ́fẹ́. Yàrá tó ní fèrèsé ní ògiri méjì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó sì jáde. Yàrá tó ní ẹyọ kan, tí fèrèsé náà sì kọjú sí fẹ́ǹsì nítòsí, yóò máa mú yín sanwó ẹ̀rọ amúlétutù títí.
- Oòrùn. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò gba oòrùn ọ̀sán sínú ògiri, ooru náà yóò sì wà níbẹ̀ di alẹ́. Ẹ dúró nínú yàrá náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
- Ilé ìdáná. Kíṣìnnì tó ṣí sí pálọ̀ dára nínú àwòrán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń din ata, tàbí tí ẹ bá fi irú sọ́bẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò wà lára àga àti aṣọ fèrèsé. Ẹ wá kíṣìnnì tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta, níbi tí ìkòkò ńlá yóò ti lè jókòó, tí sìlíńdà gáàsì yóò sì wà lẹ́yìn ògiri.
- Jẹnẹrétọ̀. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ẹni tó sùn. Àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí gbogbo fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò.
- Kànga àti sókáwéè. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn láàrin méjèèjì. Ní ilẹ̀ ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ó ṣòro láti rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí sókáwéè àwọn aládùúgbò wà, kí ẹ sì gbé omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò.
- Ọkọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ wọ inú ọgbà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì yí i jáde.

4. Bí ilé náà bá ṣì wà lórí ìwé

Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń dín, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ lọ wo ilé mìíràn tí ilé-iṣẹ́ kan náà ti kọ́ parí, kí ẹ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìparí àti bí wọn yóò ṣe dá owó padà sínú àdéhùn. Owó kò gbọdọ̀ ṣáájú iṣẹ́: bí ìpìlẹ̀ bá parí, ẹ san ti ìpìlẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ikoyi, wó lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹ má fi ojú kékeré wo àyẹ̀wò ìjọba lórí ilé tí wọ́n ń kọ́. Bí ilé bá fi òkè kan lé iye tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ má rà á.

5. Ìwé tó yẹ kí ẹ rí

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà. Nítorí náà, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín gbà ṣe àyẹ̀wò ìwọ̀nyí:

- C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀) tàbí ìwé mìíràn tó fìdí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ múlẹ̀, àti ìyọ̀ǹda gómìnà fún títà rẹ̀, ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Alausa.
- Sọ́fè ilẹ̀ náà, ní ọ́fíìsì Surveyor-General, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Ní ọdún 2024, ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar mú kí wọ́n wó ilé àti ilé ìtajà tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀.
- Ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọwọ́ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, pẹ̀lú pílánù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ fi pílánù yìí wé ilé tó wà nílẹ̀, yàrá sí yàrá.
- Ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé tí wọ́n ń kọ́, pé ilé ti parí, ó sì yẹ ní gbígbé.
- Ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tàbí ajẹ́ntì náà lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó òwò ilé àti ilẹ̀.

6. Bí ẹ kò bá rí méjèèjì pa pọ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí owó kan ra ibi tó dára àti ilé tó fẹ̀. Bí ilé bá wà lójú omi, tàbí ilẹ̀ rẹ̀ bá ní ẹjọ́, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí yàrá rẹ̀ fẹ̀ tó. Bí ibi náà bá gbẹ, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n tí yàrá kéré, ẹ bi ẹnjiníà bóyá ògiri kan wà tí kò gbé òkè dúró, tí a lè yọ pẹ̀lú àṣẹ. Bí yàrá bá fẹ̀ tí ọ̀nà sì jìn, ẹ ro owó ọkọ̀ àti wákàtí ọdún mẹ́wàá pọ̀ mọ́ owó ilé, kí ẹ tó pè é ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè gba ibi jíjìn tó tutù. Ẹni tó ní ọmọ kékeré, tó sì ń jí jáde ní agogo márùn-ún, kò ní rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́wàá kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, kálàmù, ìwé pílánù àti ẹnìkejì dání. Ẹni tó wà lókè òkun, kí ó rán ẹni tó fọkàn tán tí kò ní gba owó lọ́wọ́ ajẹ́ntì. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Ibo ni omi dé nígbà òjò tó kọjá?
2. Ṣé ìwé ilẹ̀ àti sọ́fè rẹ̀ mọ́ ní Alausa?
3. Ṣé ilé náà bá pílánù tí LASPPPA fọwọ́ sí mu?
4. Wákàtí mélòó ni láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?
5. Band wo ni iná rẹ̀?
6. Báwo ni alẹ́ ṣe rí níbẹ̀?
7. Yàrá wo ni àgbàlagbà yóò sùn sí?
8. Ṣé ìwọ̀n inú yàrá bá téèpù yín mu?
9. Ibo ni gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti sókáwéè wà?
10. Èló ni owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì lọ́dún?

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè 1, 2 tàbí 3 bá ku díẹ̀ káàtó, ẹ má sanwó, ì báà jẹ́ owó àsansílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti 4 dé 10 ni, ẹ fi bá wọn dúnàá-dúrà, tàbí kí ẹ lọ wo ilé mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kán yín lójú pé oníbàárà mìíràn ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó tà á fún oníbàárà náà.