Bí A Ṣe Lè Sọ Fáìlì HD Tí A Gbà Sílẹ̀ Látorí Tẹlifíṣọ̀n Di DVD

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé àjọ̀dún ìjọ wa sórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi àgbà wà láàárín àwọn akọrin lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n papò dà. Mo dúpẹ́ pé mo ti gba ètò náà sílẹ̀ sórí fúláàṣì láti ara dékódà wa. Màmá àgbà ní àwọn fẹ́ máa wò ó lábúlé, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá àti ẹ̀rọ DVD nìkan ni wọ́n ní. Mo ní, "Ìyẹn ò le, Màmá." Mo kọ fáìlì náà sórí àwo DVD bó ṣe wà, mo gbé e lọ. Ẹ̀rọ náà ò kà á rárá.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Àkọ́kọ́, èdè wọn ò pa pọ̀. Fídíò tóbi gan-an, torí náà wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó tó lè gba orí afẹ́fẹ́ kọjá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HD fi ń fún un ni H.264, tó jáde lọ́dún 2003. DVD ti wà lórí àtẹ ní Japan láti ọdún 1996, MPEG-2 sì ni ìlànà tó gbọ́. Báwo ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún MPEG-2 ṣe máa lóye H.264? A ní láti tú fídíò náà, ká sì tún un fún lọ́nà tí DVD mọ̀.

Ìkejì ni ìwọ̀n àwòrán. Tóótòtó aláwọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń to gbogbo àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n. Píksẹ́lì là ń pè wọ́n. HD kíkún ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 2,073,600. DVD ti ìlànà PAL, tí à ń lò ní Nàìjíríà, jẹ́ 720 sí 576, ìyẹn 414,720. Ìlọ́po márùn-ún gééré! Kọ̀ǹpútà ò kàn ní gé etí àwòrán dànù o. Ńṣe ló máa ń po àwọ̀ àwọn píksẹ́lì tó wà nítòsí ara wọn, tó sì máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ rọ́pò wọn.

Ìkẹta ni ìlà àbọ̀-àbọ̀. Tí ẹ bá rí 1080i, "i" yẹn túmọ̀ sí pé ìdajì àwòrán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: àwọn ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ, lẹ́yìn náà, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdajì 50 ni nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹni tó ń jó bá ti gbé ọwọ́ kúrò kí ìdajì kejì tó dé, tí ẹ wá sún àwòrán náà kì láìkọ́kọ́ yanjú ìyẹn, etí ọwọ́ rẹ̀ máa rí ṣágiṣàgi bí eyín òòyà.

Ìkẹrin ló mú mi nígbà kejì tí mo gbé e lọ. Fídíò náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ojú gbogbo èèyàn gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ebi ń pa Bàbá yín lọ́jọ́ yẹn ni?" Àṣìṣe mi ni. Àwòrán HD fẹ̀ ní ìwọ̀n 16:9, DVD sì máa ń fún un kó lè wọ inú 720 sí 576. A gbọ́dọ̀ fi àmì 16:9 sára fáìlì náà kí ẹ̀rọ lè mọ bó ṣe máa tẹ́ ẹ padà. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, ẹ lọ sí ibi ètò ẹ̀rọ DVD, kí ẹ yan 4:3 Letterbox. Ilà dúdú máa wà lókè àti nísàlẹ̀, àmọ́ ojú èèyàn máa rí bó ṣe yẹ.

Ìkarùn-ún ni àyè. Àwo DVD lásán gba bílíọ̀nù báìtì 4.7. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8, torí náà bílíọ̀nù bíìtì 37.6 nìyẹn. Ètò wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7,200. Tí ẹ bá pín in, ó máa fún yín ní nǹkan bíi mílíọ̀nù bíìtì 5.2 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ yọ 0.2 fún ohùn, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù, kí ẹ fún àwòrán ní 4.8. Tí ètò yín bá kúrú, ẹ lè fi kún un, ṣùgbọ́n àwòrán DVD ò gbọ́dọ̀ kọjá 9.8.

Ó yá, iṣẹ́ ti yá. FFmpeg ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni:

ffmpeg -i ajodun.ts -vf yadif -target pal-dvd -aspect 16:9 -b:v 4800k -b:a 192k ajodun.mpg

"yadif" ló ń yanjú ìlà àbọ̀-àbọ̀. "Pal-dvd" ń ṣètò MPEG-2 àti 720 sí 576. "-Aspect" ni àmì 16:9. Méjì tó kẹ́yìn ni ìṣirò tá a ṣe lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fáìlì ajodun.mpg sínú DVDStyler, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó máa tò ó sínú fóldà VIDEO_TS tí ẹ̀rọ DVD máa ń wá, ó sì máa kọ ọ́ sórí àwo.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn o. Àwọn dékódà kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì, tí kò fi ní ṣí níbòmíì. Ọ̀nà yìí ò ṣiṣẹ́ fún irú wọn. Ètò tẹlifíṣọ̀n ní olóhun, ẹ má sọ ọ́ di ọjà. Ẹ̀kẹta, ẹ má pa fáìlì HD yẹn rẹ́, torí píksẹ́lì tó bá ti lọ ò ní padà wá.

Nígbà kẹta, mo jókòó ti Màmá. Nígbà tó kan Bàbá, wọ́n ní kí n dá a padà. A wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.