Sobìà Lọ, Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Kù

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé: "Sobìà yóò dégbò, olúgànbe ni à á ké sí." Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ó ń gbọ́ òwe yìí ní Atakpamé, ní Datcha tàbí ní Glei lónìí kò fojú kan sobìà rí. Wọn kò mọ bí aràn funfun gígùn ṣe ń yọrí jáde lára ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó kó sobìà nílẹ̀ Tógò. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lé e lọ. Kò sì sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara. Ìwà tí àwọn ènìyàn ń hù sí omi ni ó yí padà. Kí ìwà náà tó lè yí padà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ láti kékeré sílẹ̀.

Ohun tí àwọn baba gbà gbọ́

Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé a bí sobìà mọ́ olúkúlùkù ni. Wọ́n ní ó wà nínú ara gẹ́gẹ́ bí iṣan ti wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ti wá. Àwọn kan sì ń fura sí ọ̀tá.

Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá mu omi tí sobìà wà nínú rẹ̀ lónìí, yóò tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà tó jáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí? Bákan náà, ará ilé kan lè mu omi kan náà, kí ọ̀kan ṣàìsàn, kí èkejì má ṣe é. Àwọn baba rí àrùn náà dáadáa. Wọ́n mọ àkókò tí ó máa ń dé, wọ́n sì mọ ewé tí wọ́n ń fi sí egbò. Orísun rẹ̀ nìkan ni ó fara pamọ́ fún wọn.

Bí àrùn náà ṣe ń rìn

Nígbà tí sobìà bá fẹ́ jáde, ojú ibẹ̀ a máa gbóná bí iná. Aláìsàn yóò wá omi tútù, yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ adágún kí ara lè tù ú. Nínú omi náà ni aràn yóò ti tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jáde. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ó wà nínú adágún yóò jẹ àwọn ọmọ náà. Ẹni tí ó bá mu omi náà yóò gbé kòkòrò wọnnì mì. Kòkòrò yóò kú nínú ikùn, ṣùgbọ́n ọmọ sobìà yóò yè. Yóò máa dàgbà nínú ara títí yóò fi gùn tó nǹkan bí mítà kan.

Igi kékeré ni a fi ń ká aràn náà jáde, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ó bá já, egbò náà yóò burú sí i. Àkókò iṣẹ́ oko ni ó sábà máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọmọ a sì fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Bí èrò ṣe yí padà

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó mọ iṣẹ́ wọn kò bú àwọn àgbà. Wọ́n bu omi adágún sínú ife tí ó mọ́ gaara, wọ́n sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Gbogbo ènìyàn rí ohun kéékèèké tí ń fò nínú omi tí wọ́n rò pé ó mọ́. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi náà, wọ́n sì tún gbé e sókè. Ohun kéékèèké náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ojú rí kò ṣeé jiyàn.

Síbẹ̀, ó pẹ́ kí gbogbo ènìyàn tó gbà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ́ omi lónìí, sobìà tí ó ti mu ní èṣí ṣì lè jáde lára rẹ̀ lọ́la. Ó rọrùn fún un láti sọ pé asẹ́ náà kò wúlò. Ẹlòmíràn ń sẹ́ omi nílé, ṣùgbọ́n ó ń mu omi adágún lóko. Nítorí náà, wọ́n ṣe ọ̀pá kékeré tí ó ní asẹ́ lẹ́nu, tí àgbẹ̀ lè fi kọ́ ọrùn lọ sóko. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n sì rọ aláìsàn kí ó má ṣe wọ inú omi. Ní ọdún 1986, nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni sobìà ń mú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2023, ènìyàn 14 péré ni ó mú ní gbogbo ayé.

Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú kọ́ ẹ̀kọ́

Kì í ṣe ará abúlé nìkan ni ó yí èrò padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé ara ènìyàn nìkan ni sobìà ń gbé. Ní ọdún 2012, a rí i lára ajá ní ilẹ̀ Tchad, lẹ́yìn náà a rí i lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá. Wọ́n ní láti tún ìmọ̀ wọn ṣe. Lónìí, wọ́n ń rọ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n so ajá tí ó ní sobìà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ kí ajá má baà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó kàwé jù lọ pàápàá lè gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ohun tí ó kù láti fi sílẹ̀

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń sọ pé iṣẹ́ inú oòrùn ni ó ń fa ibà. Nítorí náà, wọ́n ká àwọ̀n ẹ̀fọn sínú àpótí, wọ́n sì sùn láìta á. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, òru ni ó sì sábà máa ń jẹni. Bí ti sobìà, ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹni kọ́ ni ibà ń dé; ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti mọ ẹni tí ó ṣe é.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín àgbà bí sobìà ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nígbà náà, kí ẹ sì fetí sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ara yín léèrè: kí ni àwa náà ń sọ lónìí tí àwọn ọmọ wa yóò ní láti fi sílẹ̀? Ẹ̀yin pàápàá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ni a ti sọ fún rí pé ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà.