Owó Ìwé Kan Ṣoṣo: Ṣé Ti Plato Ni, Àbí Ti Ìṣirò?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Lọ́dún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa, èyí tó ń jẹ́ orúkọ gómìnà tẹ́lẹ̀, Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjú-Odò, lónìí. Bí òbí bá ta epo pupa, tí owó tó kù fún ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ti ìwé kan lọ, èwo ni kó rà? Ṣé Republic tí Plato, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn ni, àbí Engineering Mathematics tí K. A. Stroud gbé jáde lọ́dún 1970?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀tá ara wọn ni ìwé méjèèjì kò tíì ka Plato. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tí yóò ṣèjọba kọ́kọ́ fi ọdún 10 kọ́ ìṣirò, láti ọmọ 20 ọdún títí di 30, kí wọ́n tó fi ọdún 5 kọ́ bí a ṣe ń fi ìbéèrè wá òótọ́ rí.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ó ra ìwé ìṣirò. Kì í ṣe pé ó níyì ju èkejì lọ. Bí a ṣe ń lò wọ́n ló yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Stroud ń ṣàlàyé: yóò béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe é sínú bébà, kó tó wo ìdáhùn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń yá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti Plato ńkọ́? Ìtumọ̀ rẹ̀ tí Benjamin Jowett ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ kí ó má ṣe tìtorí pé ọ̀fẹ́ ni kó pa á tì. Ìṣirò lè sọ bí òpó afárá yóò ti nípọn tó. Kò lè sọ abúlé tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe afárá fún. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni Agagu, síbẹ̀ irú ìbéèrè kejì yìí ló ń dúró de ẹnikẹ́ni tó bá di gómìnà. Bí ó bá ka Plato tán, kó wá ìwé Olóògbé Dókítà Sophie Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, níbi tó ti fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates, olùkọ́ Plato. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé ìjìnlẹ̀ èrò kì í ṣe àjèjì nílé wa.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.