NÍGBÀ TÍ AFẸ́FẸ́ BÁ JÒ NÍNÚ ÀYÀ ỌMỌ TUNTUN: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ LÓRÍ ÌWÉ RẸ̀



Inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ tín-ín-tìn-ín wà, tí wọ́n máa ń ṣí nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ ké. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn a bẹ́, afẹ́fẹ́ a sì jò bọ́ sí ibi tí kò yẹ kí ó wà. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, sí èyí tí ó fa ìgbẹ́ ara rẹ̀ símú nínú omi ilé-ọmọ, tàbí sí èyí tí kò tètè ké tí agbẹ̀bí fi ní láti fi àpò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú kí ó má baà kú. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe àmì àbíkú.

Bí ọmọ bá ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ó bá ń kérora bí ó ti ń mí, bí ihò imú rẹ̀ bá ń fẹ̀, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí bí ètè àti ahọ́n rẹ̀ bá dúdú bí aró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó kéré sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ dókítà. Èyí tí ó pọ̀ ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ tàbí rọ́bà fà jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ni a fẹ́ bá yín sọ jù lónìí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé kan tí ó fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Ẹ̀dà kẹwàá rẹ̀, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 1990, fi P25 fún afẹ́fẹ́ jíjò ọmọ tuntun. P25.0 ni ti afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró, P25.1 ni ti èyí tí ó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà, P25.2 ni ti àárín àyà, P25.3, tí ó bani lẹ́rù púpọ̀, ni ti àpò tí ó yí ọkàn ká. Ẹ̀dà kọkànlá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kò ní láti há nọ́ḿbà wọ̀nyí sórí. Ohun tí ó kàn yín ni pé òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí ń fi àmì sí fáìlì kò rí ọmọ yín rí. Ohun tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ ni ó ń kà. Bí wọ́n bá kọ “ọmọ ń mí pẹ̀lú ìnira” nìkan, P22.9 ni yóò bọ́ sí, èyíinì ni ìnira mímí tí a kò sọ irú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí kò bá hàn, ó lè bọ́ sí J93, tí kì í ṣe ti ọmọ tuntun rárá. Nígbà tí ìjọba bá wá ń ka iye ọmọ tí ó nílò irú ìtọ́jú yìí, a kò ní ka ti yín mọ́ wọn.

Orúkọ ni ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú jù ní ilẹ̀ wa. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àìsàn yìí sábà máa ń hàn, ọjọ́ kẹjọ ni a sì ń sọ ọmọ lórúkọ. “Ọmọ Ìyáàfin Lágbájá” ni ó ń wà lórí káàdì. Lẹ́yìn ìkómọjáde, ìyá a gbé ọmọ padà wá pẹ̀lú orúkọ tuntun, wọn a fún un ní káàdì tuntun, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ a sì di àwátì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú káàdì àkọ́kọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí i. Ti ìbejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti yàrá ìrọbí ni kí wọ́n ti kọ “ọmọ kìíní” àti “ọmọ kejì” sórí káàdì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àyà Táíwò lè jò kí ti Kẹ́hìndé má jò.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ọmọ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, ẹ bèèrè ìwé ìfiránṣẹ́: wákàtí tí a bí i, ìwọ̀n rẹ̀, bóyá a fi àpò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wákàtí tí ìnira bẹ̀rẹ̀, àti ìhà tí ó jò, ọ̀tún tàbí òsì. Àyà tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè tún kún lójú ọ̀nà, dókítà tí yóò gba ọmọ sì ní láti mọ ìhà tí a ti fà. Ìlà mẹ́rin tó. Ẹ má jẹ́ kí ìwé dá ọmọ dúró. Nọ́ọ̀sì tí ó bá yín lọ lè kọ ọ́ nínú ọkọ̀. Bàbá ọmọ, tí a sábà máa ń ní kí ó dúró níta, ni ó yẹ kí ó di ìwé yìí mú.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀, ẹ gba ìwé tí ó dárúkọ àìsàn náà gan-an, kí ẹ sì fi í pamọ́ pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn ará ilé sábà máa ń sin ín ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ìwé kankan. Òfin ọdún 1992 ní kí a forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré ni ọmọ lò láyé. Kí àgbàlagbà kan nínú ilé, kì í ṣe ìyá ọmọ, gba ìwé tí dókítà kọ ohun tí ó fa ikú sí, kí ó sì mú un lọ síbẹ̀. Kí ó ní kí wọ́n kọ ìwé ìbí kí wọ́n tó kọ ti ikú.