Ìlédìí 100 Lóṣù ní Tennessee
Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú ní Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Níbi iṣẹ́ wa, ìyá tí kò bá kó ìlédìí (Pampers) wá kò lè fi ọmọ sílẹ̀. Bí kò bá sì ríbi fi ọmọ sí, kò lè lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Owó oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn aláìní, tí wọ́n ń pè ní SNAP, kò ṣe é fi ra ìlédìí. WIC tó wà fún ìyá àti ọmọ jòjòló pàápàá kò sanwó rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó gbọn ìgbẹ́ inú ìlédìí dànù, tó tún dè é padà mọ́ ọmọ nídìí. Ìdí ọmọ náà ti bó yánnayànna. Ó dùn mí wọra.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, TennCare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, ń fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì ní ìlédìí tó tó 100 lóṣù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé oògùn ni wọ́n ti ń gbà á. Mo dúpẹ́ fún un, àmọ́ kò tó: ọmọ tuntun lè lo mẹ́wàá lójúmọ́. Ní California, owó ìlédìí ni wọ́n ń fún àwọn tó wà lórí CalWORKs, ètò ìrànwọ́ owó fún ìdílé aláìní, láti 2018, dọ́là 30 lóṣù fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará wa ní Tennessee, kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń fúnni o. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbé ọmọ jáde.